Ìdógùn-ún Sẹ́ẹ̀lì, Sẹ́ẹ̀lì Ìpìlẹ̀ àti Àrùn Multiple Sclerosis: Àlàyé fún Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ń kú tipiri, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ó bá ń rìn, ní Ìyànsàn tàbí ní ìlú Ìkálẹ̀ mìíràn, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní wíwá ni orúkọ àrùn náà, kí a tó máa wá ìwòsàn kiri. Àrùn méjì tí ó jọra lójú ni ó lè fa irú àmì bẹ́ẹ̀.

Èkíní ni multiple sclerosis, tí Jean-Martin Charcot, oníṣègùn ará Faransé, ṣàpèjúwe ní 1868. Iṣan ìmọ̀lára inú ọpọlọ àti ọ̀pá-ẹ̀yìn ní ìbora ọlọ́ràá tí ó dà bí rọ́bà ara wáyà iná. Nínú àrùn yìí, sẹ́ẹ̀lì funfun tí ó yẹ kí ó gbógun ti kòkòrò àrùn a kọjú ìjà sí ìbora náà. Ibẹ̀ ni ìdógùn-ún sẹ́ẹ̀lì ti ń wọlé: àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun a máa fi ọ́síjìn, tí ó ń mú irin dógùn-ún, ṣe ohun ìjà. Bí ohun ìjà bá pọ̀ ju ìdáàbòbò ara lọ, ọ̀rá ìbora a bàjẹ́, iṣan a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara, síbẹ̀ ó ń lo nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ọ́síjìn ara.

Èkejì ni èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣèwádìí rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1960. Ó so ó mọ́ májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣètò rẹ̀ dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2000 rí i lára nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 ní Òsóṣà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìkálẹ̀, nítorí ẹ̀gẹ́ ni a fi ń ṣe pupuru. Rírẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan ni ó ń dín májèlé náà kù. Ẹni tí ó bá ń kánjú ń fi ìlera ṣeré. Àrùn tibí a máa rọra le sí i. Multiple sclerosis sábà máa ń dé, kí ó rọlẹ̀, kí ó tún padà.

Ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ kò wà fún méjèèjì. Fún multiple sclerosis, a ó kó sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ aláìsàn pamọ́, a ó fi oògùn líle pa àwọn ajagun tí ó ṣìnà, a ó sì dá sẹ́ẹ̀lì náà padà kí ó bí ọmọ-ogun tuntun. Nínú ìwádìí kan lórí ènìyàn 110 tí ó jáde ní 2019, àrùn le sí i lára ènìyàn 3 nínú àwọn tí a ṣe é fún, àti 34 nínú àwọn tí ó ń lo oògùn lásán. Ṣùgbọ́n ó ń dá ìjà dúró ni. Kì í hun ìbora tí ó ti bàjẹ́ padà, oògùn líle náà sì léwu.

Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Benin, tí kò jìnnà sí Ìkálẹ̀, ti fi sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tọ́jú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ní 2011. Ìmọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń polówó sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ fún gbogbo ẹsẹ̀ tí ó kú, láìṣàyẹ̀wò irú àrùn tí ó ń ṣe é, kò ṣe ìṣègùn. Owó ni ó ń wá.