Yíyan Èédú Ilẹ̀ fún Ilé Ìdàrin: "Sun" tàbí "Yan"?

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé bí a ṣe ń pèsè èédú ilẹ̀ fún ilé ìdàrin yóò kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀-ìṣe kan pàdé tí ó lè ṣì í lọ́nà. Bí ó bá ní a ń "sun" èédú náà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà pé eérú ni yóò kẹ́yìn rẹ̀. Òdìkejì èyí gan-an ni iṣẹ́ náà.

Ántírásáìtì ni èédú ilẹ̀ tí ó dàgbà jù lọ. Kábọ́nù inú rẹ̀ máa ń tó ìdá 86 sí 97 nínú 100. Ó le, ó ń dán, eéfín rẹ̀ kò sì pọ̀. Èédú tí a rí ní Enúgu ní 1909 kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ó wà ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ó sì wà ní Ningxia ní Ṣáínà, níbi tí iṣẹ́ yíyan rẹ̀ ti gbilẹ̀.

Irúfẹ́ ìléru kan ń lo gáàsì, ooru rẹ̀ sì máa ń tó dígíríì 1,200 sí 1,300 ti Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Nínú irúfẹ́ kejì, mànàmáná ni a ń rán gba inú èédú fúnra rẹ̀ kọjá. Bí èédú ṣe ń dènà ìṣàn rẹ̀ ni ooru ń jáde. Ní ọ̀nà méjèèjì, a kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè tó bí èédú yóò fi jó. Ọ̀rinrin àti gáàsì inú rẹ̀ ni ó ń jáde. Èyí tí ó kù yóò sún kì, mànàmáná yóò sì lè gbà á kọjá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Irin dídà sábà ń ní kábọ́nù ìdá 2 sí 4 nínú 100, ṣùgbọ́n àlòkù sítíìlì tí a ń yọ́ kì í ní tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń bu èédú yìí kún un. Imí-ọjọ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré, nítorí pé ó ń ba irin jẹ́. A tún ń fi í tẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò tí a ti ń fi mànàmáná yọ alumíníọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ tí ó bá iṣẹ́ yìí mu ti wà nílé ìdáná. Yorùbá kì í sun gàrí. Wọ́n ń yan án ni. Omi ni iná ń lé kúrò lára rẹ̀. Gàrí fúnra rẹ̀ kì í jó. Lóòótọ́, àwọn tí ń ṣe èédú igi a máa ní àwọn ń "sun èédú". Ṣùgbọ́n igi ni wọ́n ń sun, èédú sì ni èrè rẹ̀. Wọ́n a tún fi erùpẹ̀ bò ó kí afẹ́fẹ́ má baà sọ ọ́ di eérú. Èédú ilẹ̀ ti jẹ́ èédú kí ó tó dé ìléru: kí ni a óò tún sun ún dà?

Ó tọ́, nígbà náà, kí ìwé ẹ̀kọ́ máa pè é ní "èédú ilẹ̀ yíyan", kí a sì fi "sísun" sílẹ̀ fún ohun tí afẹ́fẹ́ bá bá jó.