Ọjọ́ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú ìsinmi: Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí Abẹ́òkúta

Bí àwọn iléèwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ọ̀pọ̀ ìdílé tó fi Èkó tàbí ìlú òyìnbó ṣe ibùgbé ni í máa kó àwọn ọmọ wọn lọ kí àwọn òbí àgbà ní Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì a sì kọjá bí ẹni ṣẹ́jú. Àwọn ọmọ á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á wo tẹlifíṣọ̀n, ẹbí á máa wọlé, ẹbí á máa jáde. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ó ti ku ọ̀la kí wọ́n padà. Ọjọ́ tó kẹ́yìn yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń fi ṣòfò. Ẹrù dídì ni yóò gba òwúrọ̀, wíwá bàtà tó sọnù ni yóò gba ọ̀sán. Nígbà tí àwọn ọmọ bá wọlé ẹ̀kọ́ padà, tí olùkọ́ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí nílùú baba wọn, inú ilé ìyá àgbà nìkan ni wọ́n á lè ròyìn.

Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan tó láti rí ohun púpọ̀ ní Abẹ́òkúta, bí ènìyàn bá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Òkè Olúmọ, Aké àti Ìtòkú kò jìnnà síra wọn, àárín ìlú ni gbogbo wọn wà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni kí ẹ dì mú. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò pa. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹni tó fẹ́ lé mẹ́fà lọ́jọ́ kan, tí ọmọ ọdún mẹ́rin sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Òkè Olúmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí oòrùn tó mú, nítorí bí ọ̀sán bá pọ́n, òkúta náà yóò gbóná. Orí rẹ̀ ga tó mítà 137 sí ojú òkun. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gùn ún: àwọn àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta láti ayé àtijọ́, àti ẹ̀rọ agbénigòkè tí wọ́n ṣí nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní ọdún 2006. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ, pàápàá bí àgbàlagbà bá wà láàárín yín. Bí kò bá ṣiṣẹ́, àgbà lè jókòó nísàlẹ̀ dúró de àwọn ọmọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti ń gòkè ni kí ẹ máa ṣàlàyé fún àwọn ọmọ. Ogun ló tú àwọn Ẹ̀gbá ká nínú igbó tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ ṣíwájú wọn wá sábẹ́ àpáta yìí, abẹ́ òkúta náà ló sì di orúkọ ìlú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo inú ihò àpáta tí àwọn ènìyàn forí pamọ́ sí, kí wọ́n sì fọwọ́ kan àwọn kòtò kéékèèké tí àwọn afinimọ̀nà máa ń tọ́ka sí pé inú wọn ni àwọn ìyá wa ti ń lọ nǹkan. Ọmọ tó bá fi ìka rẹ̀ kan ojú òkúta tó ti dán bẹ́ẹ̀ kò ní í tètè gbàgbé.

Nígbà tí ẹ bá dé òkè pátápátá, ẹ má kàn ya fọ́tò kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀. Òrùlé páànù pupa tó lọ salalu yẹn, ìwé ìtàn ni. Àwọn Ẹ̀gbá kò wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá dà pọ̀ mọ́ra. Ìlú-ìlú ni wọ́n ṣí wá, ìlú kọ̀ọ̀kan sì gbé orúkọ rẹ̀ àti oyè rẹ̀ dání. Ìdí nìyẹn tí Aké, Kémta, Ìgbẹ̀ìn àti Ìkìjà fi di orúkọ àdúgbò lónìí, bẹ́ẹ̀ orúkọ ìlú odidi ni wọ́n nínú igbó Ẹ̀gbá. Ìdí nìyẹn náà tí ẹ fi ń gbọ́ Ẹ̀gbá Aké, Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà àti Ẹ̀gbá Gbágùrá, pẹ̀lú àwọn Òwu tó dé bá wọn lẹ́yìn. Ẹ nàka sí àdúgbò tiyín, kí ẹ sọ fún ọmọ yín pé, “Ibẹ̀ yẹn ni agbo ilé wa wà.”

Láti Olúmọ, Aké ló kàn. Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ tó wà níbẹ̀ ni a mọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ náà ní ohun tí wọ́n á gbọ́ níbẹ̀. Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ náà. Ọmọ Òṣoògùn ni, ọmọdé ni nígbà tí àwọn akónilẹ́rú mú un lọ ní ọdún 1821. Àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, nínú ìlú Abẹ́òkúta yìí, òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún 25. Ní ọdún 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Ìlú tí ìyá àti ọmọ ti rí ara wọn padà bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ìdílé kan wá síbẹ̀ kí wọ́n lọ láìsọ̀rọ̀ síra wọn.

Ní Abẹ́òkúta yìí kan náà ni Henry Townsend ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859 ló kọ́kọ́ jáde. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dúró ní ọdún 1867, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde kúrò nílùú. Ọmọ tó bá rò pé èdè òyìnbó nìkan ni a ń kà nínú ìwé ìròyìn, ẹ sọ èyí fún un.

Ẹ má sì kúrò ní Aké láìdárúkọ àwọn obìnrin ọjà. Ní ọdún 1947, lábẹ́ ìdarí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, wọ́n kọ́wọ̀ọ́ rìn lọ sí ààfin nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jókòó níbẹ̀, wọ́n kọrin, wọn kò sì jẹ́ kó sú wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀; oṣù Kejìlá ọdún 1950 ló tó padà. Wole Soyinka, tó dàgbà sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Aké, kọ nípa ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìgbà èwe rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1981. Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí jẹ́ fún ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ fún pé kó máa wò níran.

Lẹ́yìn èyí, ebi á ti máa pa àwọn ọmọ. Ẹ fi búrẹ́dì àti bisikíìtì sílẹ̀ lọ́jọ́ yìí. Láfún àti ewédú wà, ìrẹsì ọ̀fadà pẹ̀lú ata díndín náà sì wà. Ìlú Ọ̀fadà tí ìrẹsì náà fi ń jẹ́ orúkọ, ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ló wà.

Ọjà Ìtòkú, ọjà aláàdìrẹ, ni kí ẹ fi kádìí ìrìn náà. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún ṣe ni wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ náà bá wà, aró kò ní í wọ ibẹ̀. Okùn ìko ni wọ́n fi ń di ti oníko. Ewé ẹ̀lú ni àwọn ìyá wa fi ń pa aró rẹ̀ látijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aró òyìnbó ló pọ̀ jù báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ lajú o. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun, tí wọ́n ya ọnà àdìrẹ sí, ti wọ ọjà, ó sì ń pa àwọn aláró lára. Ẹ yí aṣọ sẹ́yìn kí ẹ tó sanwó: aró gidi a máa mu aṣọ dé ẹ̀yìn, aṣọ ẹ̀rọ sábà máa ń ṣì lẹ́yìn. Ẹ fún ọmọ lówó díẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ ná ọjà lédè Yorùbá.

Ilé ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún 2017, dára púpọ̀. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀, ẹranko sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan lè gba ìdajì ọjọ́, ẹ fi í sílẹ̀ di ìsinmi mìíràn.

Kí gbogbo èyí tó lè ṣeé ṣe, alẹ́ àná ni kí ẹ ti di ẹrù. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojúurin Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021, ẹ rántí pé Láderin ni ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Soyinka pè wà, kì í ṣe àárín ìlú. Ẹ béèrè àkókò rẹ̀ ṣáájú. Bí mọ́tò ni, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá àwọn ọmọ lójú ọ̀nà.

Ó ku ẹyọ kan, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: ẹ má fi ìyá àgbà sílẹ̀ nílé. Bí kò tilẹ̀ lè gun àpáta, ẹ gbé e sínú mọ́tò. Òun ló mọ ìlú tí ẹ ti ṣí wá nínú igbó Ẹ̀gbá, òun ló mọ oríkì ilé yín, òun ló mọ ìdí tí bàbá àgbà fi kọ́ ilé síbi tó kọ́ ọ sí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ bi í ní ìbéèrè. Olúmọ á ṣì wà níbẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀. Ẹnu tó lè sọ ìtàn ilé fún wọn ni kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà.