Ìpele àti Orúkọ Ọkọ̀ Afọ́yìnyín ní Omi Ìpẹ̀kun Ayé

1.0 Ìfáárà

Ọkọ̀ afọ́yìnyín ni ọkọ̀ ojú omi tí a kàn láti la ọ̀nà nínú òkun tí òtútù ti sọ ojú rẹ̀ di yìnyín. Iwájú rẹ̀ kì í dúró gangan. Ńṣe ni ó dagun, kí ó lè gun orí yìnyín, kí ìwúwo rẹ̀ sì fọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ń kà nípa irú ọkọ̀ yìí yóò bá nǹkan méjì pàdé: àmì tí ń tọ́ka sí ìpele rẹ̀, àti orúkọ tí a kọ sí ara rẹ̀. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì ń ṣe. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ ọkọ̀ ń wo ilé tí ó ti jáde. Ìpele ní tirẹ̀ ń wo ohun tí ara ọkọ̀ lè gbà.

2.0 Ìpele ní Ìlànà Àgbáyé

Àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yẹ ọkọ̀ ojú omi wò, tí a mọ̀ sí IACS, ni ó gbé ìlànà onípele méje kalẹ̀, láti PC1 dé PC7. A ti ń lò ó fún ọkọ̀ tuntun láti 2008. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni agbára ọkọ̀ ń pọ̀ tó. Ọkọ̀ PC1 lè ṣiṣẹ́ jálẹ̀ ọdún nínú gbogbo omi ìpẹ̀kun ayé. PC5 lè ṣiṣẹ́ jálẹ̀ ọdún nínú yìnyín ọlọ́dún kan tí ó nípọn níwọ̀nba, ìyẹn láti 70 sí 120 sẹ̀ǹtímítà. PC7 wà fún ìgbà ooru àti ìgbà tí ewé ń wọ́ nìkan, nínú yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ọjọ́ orí yìnyín ṣe pàtàkì nínú ìlànà yìí. Yìnyín tí ìgbà ooru bá kọjá lórí rẹ̀ tí kò yọ́, púpọ̀ nínú iyọ̀ inú rẹ̀ ti ṣàn lọ, ó sì le ju yìnyín ọlọ́dún kan lọ.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé níní ìpele PC nìkan kò sọ ọkọ̀ di afọ́yìnyín. Ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù lè ní in. Kí a tó fi ọ̀rọ̀ náà "Icebreaker" kún ìpele ọkọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ láti ṣíwájú ọkọ̀ mìíràn tàbí láti kápá yìnyín, kí agbára àti ìwọ̀n rẹ̀ sì tó iṣẹ́ náà.

3.0 Ìlànà Rọ́ṣíà àti Ewu Ìṣìkà

Ní Rọ́ṣíà, ìpele àwọn afọ́yìnyín bẹ̀rẹ̀ láti Icebreaker6 dé Icebreaker9. Níbẹ̀, nọ́ńbà tí ó tóbi jù ni ti alágbára jù. Arktika tuntun, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020 pẹ̀lú agbára átọ́míìkì, wà ní Icebreaker9. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi òye PC ka àmì yìí yóò pe alágbára ní ọ̀lẹ.

Ìṣìkà lè la ẹ̀mí lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2007, ọkọ̀ akérò MS Explorer, tí a ti fún ara rẹ̀ lókun nítorí yìnyín, rì nítòsí Àǹtákítíkà. Ènìyàn 154 ni ó wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ni a gbà là. Ìwádìí ìjọba Làìbéríà, níbi tí a ti forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀, fi hàn pé ọ̀gá ọkọ̀ rò pé yìnyín ọlọ́dún kan ni òun ń bá pàdé, bẹ́ẹ̀ yìnyín tí ó ti orí ilẹ̀ wá ni, ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààlà ni ìpele jẹ́. Ẹni tí kò mọ yìnyín kò lè mọ̀ ìgbà tí òun kọjá ààlà.

4.0 Orúkọ Ọkọ̀

Orúkọ ń tẹ̀lé ìtàn àti ìṣèlú. Arktika àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ ojú omi tí ó kọ́kọ́ gba ojú omi dé góńgó àríwá ayé, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 1977. Ní 1982 a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Leonid Brezhnev. Ní 1986 a dá orúkọ àkọ́kọ́ padà fún un. Ṣáájú èyí, Iosif Stalin ti di Sibir ní 1958. Irin ọkọ̀ kò yí padà. Ilé ni ó yí padà.

Ní Amẹ́ríkà, Healy ń jẹ́ orúkọ Michael A. Healy, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹrú adúláwọ̀ ní Georgia, tí òun fúnra rẹ̀ sì di ọ̀gá ọkọ̀ ìjọba ní omi Àláṣíkà. Ti Japáànù yàtọ̀. Àṣà wọn kò fi orúkọ ènìyàn sọ irú ọkọ̀ ìjọba bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, odò yìnyín kan ní Àǹtákítíkà ni Shirase ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé odò náà gba orúkọ lọ́wọ́ arìnrìn-àjò Nobu Shirase.

5.0 Ìgúnlẹ̀

Bí olùkọ́ bá fẹ́ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ bèèrè àjọ tí ó fi àmì ìpele lélẹ̀, kí ó tó sọ pé ọkọ̀ kan lágbára ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ó bèèrè ẹni tí ó sọ ọkọ̀ lórúkọ, àti ìgbà tí ó sọ ọ́. Ìbéèrè kìíní jẹ́ ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, èkejì jẹ́ ti ìtàn. Ìdáhùn ọ̀kan kò lè dípò ìkejì.