Díẹ̀díẹ̀ ni kí a fi dín ara sísan kù

Sísanra kì í dé lọ́jọ́ kan, kò sì lè lọ lọ́jọ́ kan. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó. Àwọn tó ń febi pa ara wọn kí wọ́n lè tètè rù, kì í pẹ́ tí ara náà fi ń padà.

Lójú tèmi, ohun mímu ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìgò mínírà 35cl kan lè ní tó gíráàmù 35 ṣúgà nínú, ìyẹn bíi kóró ṣúgà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ta ni nínú wa tó máa rò ó tóyẹn sínú ife tíì kan? Ẹ fi omi rọ́pò rẹ̀. Ẹ bu òkèlè kù díẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ kún un.

Ẹ tún máa rìn, ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Mọ́sáláṣí tí kò jìnnà, kí la ń gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ fún?

Ẹni tó wọn kílò 100, tó bá fi márùn-ún péré sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀ o. Bí oúnjẹ bá dín kù tí oògùn kò dín, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, kí ènìyàn sì dákú.