Bọ́tìnì kejì tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀

Ní aago 9:05 òwúrọ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ọ̀gá panápaná kan ní New York gbé ohun ìsọ̀rọ̀ kan sẹ́nu nísàlẹ̀ ilé gogoro Àríwá ní World Trade Center. Ó fẹ́ dán ẹ̀rọ rédíò ilé náà wò. Ó sọ̀rọ̀ títí, ọ̀rọ̀ kò lọ. Ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó mú wọ́kì-tọ́kì dání náà ń pè é, kò gbọ́. Ni wọ́n bá gbà pé ẹ̀rọ náà ti kú, wọ́n pa á tì, wọ́n bọ́ sórí ìkànnì mìíràn. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ọ̀hún kò kú rárá.

Repeater ni àwọn oníṣẹ́ rédíò ń pe ẹ̀rọ náà. Wọ́kì-tọ́kì tí panápaná ń gbé kiri kò lágbára púpọ̀, wáàtì mélòó kan ni, irin àti kọnkéré ilé alájà 110 sì ń gbé ohùn rẹ̀ mì. Repeater á gba ohùn tó ti rẹ̀ yẹn lórí ìgbì kan, á tún un sọ jáde lórí ìgbì mìíràn pẹ̀lú agbára tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ọmọ tó jókòó ti ìyá àgbà tó ń bá wọn pariwo ọ̀rọ̀ sí àwọn tó wà ní ìta. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú gbàù nínú ọgbà ilé yìí kan náà lọ́dún 1993 ni wọ́n gbé e síbẹ̀, kí àwọn panápaná lè máa gbọ́ ara wọn.

Ìgbìmọ̀ tó wádìí ìkọlù tó ṣẹlẹ̀ sí World Trade Center lọ́jọ́ yẹn gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2004. Bọ́tìnì méjì ló wà. Ẹnì kan tẹ àkọ́kọ́ ní aago 8:54, wọn kò sì mọ ẹni náà. Láti ìgbà yẹn ni repeater ti ń gbé ohùn wọ́kì-tọ́kì. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó wà nídìí tábìlì tó lè fi ohun ìsọ̀rọ̀ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ tẹ ìkejì. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohùn ẹ̀rọ náà ni wọ́n yí wálẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi í sílẹ̀ tí wọn kò bá lò ó. Ní ilé gogoro Gúúsù, àwọn panápaná padà rí i pé ìkànnì náà ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń lò ó. Ilé yẹn wó ní aago 9:59, ti Àríwá wó ní 10:28. Panápaná 343 ló kú lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni màá pa tí mo bá ní bọ́tìnì ló pa wọ́n: ìgbìmọ̀ náà sọ pé èrò ti pọ̀ jù lórí ìkànnì tí wọ́n sá lọ, àwọn kan tí kì í ṣe àsìkò iṣẹ́ wọn sì sáré wá láìní rédíò lọ́wọ́. Síbẹ̀, ohun tí owó ti rà, tí iná wà lára rẹ̀, ni wọ́n fi sílẹ̀ torí pé kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ríra ẹ̀rọ ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ pàjáwìrì; yíyẹ̀ ẹ́ wò déédéé ló le. Ẹ wo bátìrì tó ti gbó, tó ń dúró de ìgbà tí iná bá lọ. Tí ẹ bá fi mítà wọ̀n ọ́n bó ṣe wà yẹn, á fi hàn pé ó kún. Ẹ so ohun tó ń jẹ iná mọ́ ọn ná, kó fi ìṣẹ́jú mélòó kan gbé e, ẹ ó rí i bí fóltéèjì rẹ̀ yóò ṣe já wálẹ̀ wììì. Wáyà tó gun òpó lọ bá áńtẹ́nà náà ní tiẹ̀: oòrùn á sán rọ́bà tí wọ́n fi dì í lórí, omi òjò á rá wọlé níbi tí wáyà ti so pọ̀, bàbà inú rẹ̀ á dípẹtà. Nígbà náà, apá kan lára agbára tí ẹ̀rọ ń rán lọ sókè á yí padà wálẹ̀, kò ní dé afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ń wọn agbára tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ lóṣooṣù á tètè rí i. Ẹni tí kò wọ̀n ọ́n á máa rò pé gbogbo nǹkan wà bó ṣe yẹ, torí iná pupa tó wà lójú ẹ̀rọ ṣì ń tàn.

Àìsí iná gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúbúlẹ̀. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, òpó fóònù alágbèéká tó lé ní 1,000 ló dákẹ́, ibùdó 38 tí wọ́n ti ń gba ìpè pàjáwìrì 911 sì dákẹ́ pẹ̀lú. FCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, pàṣẹ lọ́dún 2007 pé kí òpó kọ̀ọ̀kan ní iná ìrànlọ́wọ́ tó lè gbé e fún wákàtí 8. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù gbé e lọ sílé ẹjọ́, òfin náà kò sì múlẹ̀ rí. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìjì Maria kọlu Puerto Rico, òpó tó ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ló sùn. Lọ́dún 2020 ni ìpínlẹ̀ California wá pàṣẹ wákàtí 72 fún àwọn àdúgbò tí iná ìgbẹ́ ti máa ń jó.

Ọ̀rọ̀ yìí á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ará Nàìjíríà lẹ́rìn-ín. Wákàtí 8 láìsí iná, kí ni tuntun níbẹ̀? Ojoojúmọ́ ni àwọn òpó tiwa ń fi jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìjì ló kọ́ wọn. Ibi tó ti ń dun tiwa yàtọ̀: olè ń jí bátìrì, wọ́n ń fa dísù inú táǹkì, àwọn tó ń ṣe ọ̀nà sì ń gé okùn fáíbà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ àwọn ohun èlò yìí di dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè, tí bíba wọ́n jẹ́ sì di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ó dára, ṣùgbọ́n àṣẹ kì í wọn bátìrì.

Ọ̀rọ̀ fáíbà yẹn ni kí àwọn tó ń gba ìpè pàjáwìrì 112 fiyè sí jù. Òpó lè ní iná, kí áńtẹ́nà rẹ̀ dán, kó má sì sí ọ̀nà tí ìpè yóò gbà kúrò níbẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí okùn méjì wà, tàbí kí àwo máíkírówéfù wà lókè tí yóò gba iṣẹ́ ṣe tí okùn bá já. Ìgbà mìíràn a máa wà tí ilé-iṣẹ́ á ní òun ti san owó okùn méjì, tí méjèèjì sì gba etí títì kan náà lọ, nínú kòtò kan náà. Katapílà kan ṣoṣo ló máa gé wọn.