Van Jacobson: Ẹni tó kọ́ kọ̀ǹpútà ní sùúrù

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹnu kọlẹ̀ láàárín ilé ìwádìí Lawrence Berkeley àti Yunifásítì California ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà. Ibi méjèèjì kò jìnnà síra tó mítà 400. Síbẹ̀, ọ̀nà tó ń gbé bíìtì 32,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan wá ń gbé 40 péré.

Kí ló fà á? Ìdì kéékèèké ni kọ̀ǹpútà máa ń gé fáìlì sí kó tó fi ránṣẹ́. Bí ìdì kan bá dé, kọ̀ǹpútà tó gbà á yóò fèsì. Bí èsì bá pẹ́, èyí tó fi ránṣẹ́ yóò tún fi í ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá há, àtúnfiránṣẹ́ yìí ló ń sọ ọ́ di súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Van Jacobson, olùwádìí ní Lawrence Berkeley, àti Michael Karels ti yunifásítì náà ló wá ojútùú sí i. Àlàyé rẹ̀ jáde ní 1988: kí kọ̀ǹpútà fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bí èsì bá ń wọlé, kó máa fi kún un, bí ìdì kan bá sọnù, kó tètè dín in kù, torí ọ̀nà ti há nìyẹn. Wọn ò ra okùn tuntun, wọn ò sì fi ọ̀gá kankan ṣọ́ ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ń kó ara rẹ̀ níjàánu.

Lẹ́yìn náà ni Jacobson bọ́ sí ilé-iṣẹ́ ńláńlá: ó jẹ́ àgbà onímọ̀ ní Cisco, ó dé ilé ìwádìí PARC, ó sì dé Google. Láàárín àkókò yẹn, àyè tí àwọn ẹ̀rọ ojú ọ̀nà fi ń tọ́jú ìdì ti pọ̀ sí i. Ìdì kì í tètè sọnù mọ́; ṣe ló ń tò lórí ìlà gbọọrọ. Àmì tí ọgbọ́n 1988 gbójú lé, ìyẹn ìdì tó sọnù, wá ń pẹ́ kó tó yọ. Ní 2012, òun àti Kathleen Nichols gbé CoDel jáde láti dín ìlà náà kù. Ní 2016, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Google gbé BBR jáde. Èyí kì í dúró de àdánù: ó ń wọn bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó àti bí èsì ṣe ń pẹ́ tó. YouTube ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Àwọn olùwádìí rí i pé BBR àkọ́kọ́ lè gba ọ̀nà mọ́ àwọn tó ṣì ń lo ọgbọ́n àtijọ́ lọ́wọ́, Google sì ti ń tún un ṣe.