Ta Ni Ó Ń Tọ́jú Ọ̀nà?

  Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Nígbà tí a bá ń bọ Ògún, gbogbo wa la máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó la ọ̀nà fún wa. Ọmọ kan wá bi mí ní kíláàsì pé, "Bàbá, tí Ògún bá ti la ọ̀nà tán, kí ló kù?" Ìbéèrè gidi ni. Èmi fúnra mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀ títí di ọdún 1993, nígbà tí mo fi ìgbà ooru kan ṣiṣẹ́ ọ̀nà nínú aginjù. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀

Ọmọ ọdún 22 ni mí nígbà yẹn. Oakland ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà. Ó tó oṣù mẹ́fà tí ìyálórìṣà mi ti gbé Ẹlẹ́gbá, Ògún àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́. Ìkòkò Ògún mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo irin inú rẹ̀ ń dán, nítorí mo máa ń fi epo pa wọ́n dáadáa. Lọ́jọ́ kan Màmá wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, o ní ọkọ́ kékeré, o ní àáké kékeré nínú ìkòkò yìí. Èwo nínú wọn lo ti fi ṣiṣẹ́ rí?"

Mi ò lè dáhùn. Ọkọ́ gidi, mi ò fọwọ́ kàn án rí láyé mi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, pé wọ́n ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó máa tún ọ̀nà ẹsẹ̀ ṣe ní Sequoia àti Kings Canyon. Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀.

Aginjù wo nìyí?

Ọgbà igbó ìjọba méjì ni Sequoia àti Kings Canyon, wọ́n fara kan ara wọn lórí àwọn òkè Sierra Nevada. Wọ́n dá Sequoia sílẹ̀ ní ọdún 1890, wọ́n dá Kings Canyon sílẹ̀ ní 1940. Níbẹ̀ ni àwọn igi sequoia wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní General Sherman ga tó ẹsẹ̀ bàtà 275, ó sì ti lo ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ lórí ilẹ̀ ayé. Tí ẹ bá dúró lẹ́bàá rẹ̀, ẹ ó dọ̀bálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún yín.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin kan tó dáàbò bo aginjù. Òfin náà sọ pé nínú ilẹ̀ tí a bá yà sọ́tọ̀, a ò ní la títì fún mọ́tò, a ò sì ní lo ẹ̀rọ oníná tàbí oní-pẹtiróòlù, àyàfi tó bá di dandan. Ní 1984 ni wọ́n ka apá tó pọ̀ jù nínú ọgbà méjèèjì yìí mọ́ ilẹ̀ tí òfin náà ń dáàbò bò. Nítorí náà, ọwọ́ la fi ń ṣiṣẹ́. Ìbaaka ló ń ru oúnjẹ àti irinṣẹ́ wa lọ sókè.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé aginjù túmọ̀ sí ibi tí ènìyàn ò gbé rí. Àwọn ará Mono àti àwọn Yokuts ti wà níbẹ̀ kí ìjọba tó dé. Nítorí náà, kí n tó sọ ọkọ́ mi kalẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo da omi tútù sílẹ̀, mo kí àwọn onílẹ̀.

Irinṣẹ́ wa

Mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Èkíní ni Pulaski. Orí irin kan ni, ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ àáké, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ ọkọ́. Orúkọ ẹni tó mú un gbajúmọ̀ ni wọ́n fi ń pè é, Ed Pulaski, òṣìṣẹ́ igbó ní Idaho. Nígbà tí iná ńlá jó igbó níbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1910, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ ihò ìwakùsà kan, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ṣe yè.

Èkejì ni ayùn ọlọ́wọ́ méjì. Ẹni méjì ló ń fà á, ọ̀kan lọ́tùn-ún igi, ọ̀kan lósì. Ẹ gbọ́ àṣírí rẹ̀: a máa ń fà á ni, a kì í tì í. Tí o bá tì í, ayùn á tẹ̀, á há. Wàá fà, wàá dẹ ọwọ́, kí ẹnìkejì rẹ náà lè fà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń dẹ ọwọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pá irin gígùn tí a fi ń yí òkúta. Kò sí bí o ṣe lágbára tó, o ò lè gbé òkúta tó tóbi bíi fìríìjì. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀pá irin mẹ́ta á yí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi jókòó síbi tó yẹ.

Kí ló ń ba ọ̀nà jẹ́?

Èmi rò pé ẹsẹ̀ ènìyàn ni, tàbí pátákò ìbaaka. Fóòmàn wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Omi ni."

Ẹ wo bó ṣe rí. Ẹsẹ̀ máa ń tẹ àárín ọ̀nà mọ́lẹ̀, á jìn díẹ̀ bí ọpọ́n. Òjò á rọ̀, yìnyín á yọ́, omi á bọ́ sínú ọpọ́n yẹn. Lórí òkè, omi ń sáré. Omi tó ń rìn jẹ́jẹ́ kì í kó nǹkan púpọ̀ lọ, ṣùgbọ́n omi tó ń sáré á kọ́kọ́ kó iyanrìn, á kó òkúta wẹ́wẹ́, nígbà tó bá yá, ọ̀nà ti di odò. Arìnrìn-àjò ò ní fẹ́ tẹ ẹrẹ̀, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tẹ koríko pa. Ọ̀nà kan á di méjì, méjì á di mẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni omi.

Kí la wá ń ṣe? Àkọ́kọ́, a máa ń gbẹ́ ojú ọ̀nà kó tẹ̀ díẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀ òkè, kí omi lè ré e kọjá láìdúró. Èkejì, níbi tó bá gòkè gan-an, a máa ń to òkúta ńláńlá dábùú ọ̀nà, a ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa. A kì í tò wọ́n gbọọrọ, a máa ń tò wọ́n ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí omi tó bá kọ lù wọ́n lè yà sínú igbó. A ó sì gbẹ́ ẹnu ọ̀nà fún omi náà. Ẹ̀kẹta, a kì í jẹ́ kí ọ̀nà gun òkè tààrà. Á lọ sọ́tùn-ún, á ṣẹ́rí padà sósì, bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Ẹni tó bá gé e kọjá nítorí ìkánjú ti lànà tuntun fún omi nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i: a kì í bá omi jà. A kì í dí i pa. A kàn ń fi ọ̀nà tirẹ̀ hàn án ni.

Àṣìṣe mi

Ní oṣù Kẹjọ, fóòmàn rán mi lọ kó ẹrẹ̀ àti ewé kúrò lẹ́nu ọ̀nà omi méjìlá. Mo ṣe mọ́kànlá. Ó ti rẹ̀ mí, oòrùn ń wọ̀, mo sì ń gbọ́ òórùn oúnjẹ. Mo padà sí àgọ́. Fóòmàn béèrè pé, "Ṣé o parí ẹ̀?" Mo ní, "Mo parí ẹ̀, ọ̀gá."

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, òjò àrá dé, bó ṣe máa ń dé lórí òkè wọ̀nyẹn nígbà ooru. Ó rọ̀ fún bíi wákàtí kan péré. Omi dé ibi tí mi ò ṣe, kò rí ẹnu ọ̀nà, ó fo òkúta kọjá, ó sì gbẹ́ ojú ọ̀nà dé orúnkún. Nígbà tí àwọn ìbaaka ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ wa, etí ọ̀nà ya lábẹ́ èyí tó ṣáájú, ó sì ṣubú. Kò kú, ọpẹ́lọpẹ́ igi kan tó dá a dúró. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń da àwọn ìbaaka kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ ẹran náà wò, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹran yẹn ò ru ẹrù mọ́ títí ìgbà ooru fi parí.

Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo lọ bá fóòmàn, mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó ní, "Mo ti mọ̀. Omi ló máa ń yẹ iṣẹ́ wa wò, kì í ṣe èmi." Mo lọ bẹ obìnrin náà pẹ̀lú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi tún ibẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ tí mo sá fún ò ju ìdajì wákàtí lọ.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tó ń la ọ̀nà kò mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá parí iṣẹ́, mo máa ń padà rìn ín, mo sì máa ń pe ẹlòmíràn kó bá mi wò ó.

Ẹni tó ti ṣe é ṣáájú wa

Mo rò pé èmi ni ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ ọ̀nà níbẹ̀. Irọ́ ni. Ní ìgbà ooru 1903, Charles Young, ọ̀gá ọmọ ogun dúdú, ló ń ṣàkóso ọgbà Sequoia. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Kentucky ní 1864, ó sì jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ológun West Point ní 1889. Òun àti àwọn ọmọ ogun dúdú ẹlẹ́ṣin ló parí títì tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin fi lè wọ inú Giant Forest, níbi tí àwọn igi ńlá wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Ibo ni Charles Young kú sí? Ìlú Èkó ni, ní oṣù Kìíní ọdún 1922, lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí, kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ padà sí Amẹ́ríkà ní 1923.

Ìdáhùn fún ọmọ tó béèrè

Tí Ògún bá ti la ọ̀nà tán, kí ló kù? Ìtọ́jú ló kù, ọmọ mi. Ní àwọn ìlú Yorùbá, àwọn ènìyàn máa ń jáde yẹ ọ̀nà kí ọdún òrìṣà tó dé, torí koríko ò mọ̀ pé ẹnì kan ti la ọ̀nà yẹn lánàá. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Bràsíl gbé òrìṣà kọjá òkun. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ló ń tún un ṣe lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tó fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé òrìṣà lé ẹ lórí, wọ́n ti la ọ̀nà fún ẹ. Ọ̀sẹ̀ tó o gbàgbé, omi ojúbọ tí o ò pààrọ̀, àgbà tí o ò kí, àdúrà tó o kọ́ ní àkọ́gbà: ẹnu ọ̀nà omi kejìlá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa rí i lónìí. Òjò á rí i. Ẹlòmíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ pẹ̀lú ẹrù lórí ló sì máa ṣubú níbẹ̀.

Kí Ògún má jẹ̀ẹ́ kó rẹ̀ wá lẹ́nu iṣẹ́. Àṣẹ.

Ìbéèrè fún kíláàsì

1. Kí ló dé tí a fi ń to òkúta ní ìdagẹ̀rẹ̀, tí a kì í tò ó gbọọrọ?
2. Báwo ni a ṣe ń lo ayùn ọlọ́wọ́ méjì? Kí ni ó kọ́ wa nípa ìbágbé inú ilé òrìṣà?
3. Èwo ni ẹnu ọ̀nà omi kejìlá tìrẹ? Má sọ fún wa. Lọ ṣe é.